Bọ́ọ̀sì tí mo sọ di ilé: láti Àgbádárìgì dé Ada, níbo ni kí a máa sùn?

Bàbá Ìbejì (Ìkòròdú):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní bọ́ọ̀sì Hiace kan tó ti bá mi kó ọjà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo ra òmíràn, mo ní kí káfíńtà yọ gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ó kan bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ṣe àpótí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹrù, mo gbé táńkì omi kékeré sẹ́yìn, mo sì gbé sítóòfù gáàsì olójú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Sólà ló ń fẹ́ fáànù rẹ̀. Ìyàwó mi ní ilé ìgbín ni mo kọ́.

Lẹ́yìn Kérésì, èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti màmá ìyàwó mi fẹ́ gba etí òkun lọ: Àgbádárìgì, Sẹ́mẹ̀, Kútọnù, Lomé, títí dé Ada ní Gánà, níbi tí odò Volta ti ń wọ òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo gbà ní ìsinmi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí a máa sùn sí etí òkun lálaalẹ́, kí àwọn ọmọ jí, kí wọ́n kó sómi. Ṣùgbọ́n màmá kò fẹ́ràn ìdààmú rárá, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n béèrè kí n tó gbéra. Ibo ni irú ọkọ̀ yìí ti lè dúró sùn? Ìwé wo ni wọ́n máa bi mí? Ṣé mo lè máa fi gáàsì dáná nínú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti rin ọ̀nà yẹn rí ni kó dá mi lóhùn.

Awakọ̀ Àtijọ́:

Bàbá Ìbejì, mo kí ọ. Ọ̀nà Sẹ́mẹ̀ sí Abidjan ni mo fi tọ́ ọmọ, mo mọ̀ ọ́n dé ibi tí ajá ti ń sùn sójú títì. Jẹ́ kí n ti orí ohun tó wà lọ́kàn rẹ yẹn bẹ̀rẹ̀: má sùn sí etí òkun. Etí odò àti etí ọ̀sà ni kí ẹ máa sùn. Òkun, ẹ máa wò ó lọ́sàn-án.

Láti Àgbádárìgì dé Keta, ìwà kan náà ni òkun yìí ń hù. Etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìgbì á gbéra, á wó lulẹ̀ gbì, èyí tó ń padà lọ á sì máa fa ẹsẹ̀. Àwọn apẹja tí wọ́n bí sí Grand-Popo, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń wà tí wọ́n fi ń la ìgbì kọjá, mi ò rí àgbà kan nínú wọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ṣeré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọrùn ẹsẹ̀ ni kí omi yẹn dé mọ, kí o sì di ọwọ́ wọn mú. Ti omi nìyẹn. Ti iyanrìn ńkọ́? Hiace tó ru bẹ́ẹ̀dì, tó ru omi, tó ru èèyàn márùn-ún, tó bá fi lè kúrò lórí ilẹ̀ líle, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á rì. Àwọn ọ̀dọ́ á sì yọ lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n á bá ọ tì í, wọ́n á wá dárúkọ owó. Tí ilẹ̀ bá ṣú, etíkun kò ní ògiri, kò ní géètì, kò sí ọdẹ tí o máa jí.

Àwọn ìlú etí omi yàtọ̀. Ọjà ló mú wọn gbilẹ̀. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Grand-Popo ní Benin, Aného àti Agbodrafo ní Togo, Keta àti Ada ní Gánà: ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ti ń já ẹrù òkun sínú ọkọ̀ kékeré tó ń gba orí ọ̀sà àti odò wọ ilẹ̀ inú lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ àlejò í gbà. Nínú gbogbo wọn, o máa rí ilé àlejò tó ní àgbàlá. Sọ fún onílé pé inú ọkọ̀ lẹ fẹ́ sùn, pé ilé ìwẹ̀ àti géètì tó ṣe é tì lẹ fẹ́. Ẹ ná an. Wọn kì í sábà kọ̀, pàápàá tí ẹ bá ní ẹ máa jẹun lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà náà kò jìn. Láti Sẹ́mẹ̀ dé Aflao kò tó 200 kìlómítà. Bodè ló ń jẹ ọjọ́, kì í ṣe títì. Sẹ́mẹ̀ láti wọ Benin, Hilla-Condji láti wọ Togo, Aflao láti wọ Gánà: bodè kan lóòjọ́, kí ẹ kọjá rẹ̀ lówùúrọ̀, kí ẹ lọ sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojúmọ́ kan la méjì kọjá pẹ̀lú màmá lẹ́yìn ọkọ̀, ìjà ni yóò fi parí ọjọ́ náà.

Ìwé tí wọ́n máa bi ọ́: pásípọ́ọ̀tù gbogbo yín, ti àwọn ọmọ pẹ̀lú (ìwé ìbí nìkan kò tó), yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀ tó jẹ́ orúkọ ìwọ gan-an. Lẹ́yìn náà, lọ bá àwọn tó ṣe ìbánigbófò ọkọ̀ rẹ, kí wọ́n fún ọ ní Brown Card ti ECOWAS. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú títì ní Togo, ìwé yẹn ló máa gbà ọ́ sílẹ̀. Ìwọ ọmọ ECOWAS kò nílò físà, o ní 90 ọjọ́. Ọkọ̀ ni kì í ṣe ọmọ ECOWAS. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, lésépásé ni àwa ń pè é. Ọjọ́ wà lórí ìwé náà, má jẹ́ kó kọjá, má sì sọ ọ́ nù, torí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ tí o bá ń jáde.

Wọ́n máa wo bẹ́ẹ̀dì yẹn, wọ́n á ní ọjà lo fẹ́ tà. Má bínú. Ṣí ilẹ̀kùn, kí màmá jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà tàbí Bíbélì wọn. Kò sí ìwé tó ju ìyẹn lọ.

Sẹ́mẹ̀ yẹn, èmi kì í lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má rántí oṣù kìíní 1983. Ọmọ ọkọ̀ ni mí nígbà náà. Ìjọba wa ní kí àwọn ará Gánà máa lọ, Gánà ti bodè rẹ̀ pẹ̀lú Togo pa, Togo àti Benin náà bá ti tiwọn. Èrò kún ojú títì, wọ́n ru báàgì, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, ibi tí wọ́n fẹ́ gbà kò sí. Ọ̀nà tí o fẹ́ fi ṣe fàájì yìí ni. Sọ ọ́ fún àwọn ìbejì tí wọ́n bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe báàgì yẹn ní Ghana Must Go.

Ìyá Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Bàbá Awakọ̀. Inú mi dùn pé ẹ dárúkọ Àjàṣẹ́, torí àwọn ará Nàìjíríà, eré ni wọ́n máa ń sá kọjá wa lọ sí Kútọnù. Wọn ò mọ̀ pé àwa gan-an ni olú ìlú Benin.

Bàbá Ìbejì, tí ẹ bá kúrò ní bodè, tí ẹ dé oríta Sèmè-Podji, ẹ má lọ tààrà. Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ máa gorí afárá, ọ̀sà á wà lábẹ́ yín, ẹ ti wọ̀lú nìyẹn. Yorùbá ni màmá máa fi ná ọjà, kò sí ẹni tó máa wò wọ́n lójú. Ẹ mú wọn lọ wo Mọ́sálásí Ńlá. Àwọn Àgùdà, àwọn tí bàbá wọn ti Brazil padà dé, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1912. Tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí irú ilé ìjọsìn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ ní Bahia ni wọ́n kọ́. Àwọn ọmọ tiyín á fẹ́ràn Songhai ju ìyẹn lọ, oko ńlá tó wà láti 1985: ẹja, pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀yà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé àlejò àti ilé oúnjẹ wà nínú ọgbà wọn. Ẹ béèrè lẹ́nu géètì bóyá ẹ lè gbé ọkọ̀ síbẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ gáàsì tí ẹ bi, bàbá kò dáhùn rẹ̀, èmi á dáhùn. Ẹ máa rí epo bẹntiróòlù nínú ìgò lẹ́bàá títì, kpayo là ń pè é, ilẹ̀ yín náà ló ti ń wá. Ó lè dín owó, ẹ má rà á. Oṣù kẹsàn-án 2023, irú epo yẹn gbiná ní Sèmè-Podji níbi tí wọ́n ń kó o sí, àwọn tó kú lé ní ọgbọ̀n. Àwa tí a ń gbé ibí kò tíì gbàgbé òórùn ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin sì ní sílíńdà gáàsì nínú ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Ilé epo gidi ni kí ẹ ti máa ra epo, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sọ́kọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dáná, ẹ gbé sítóòfù bọ́ sílẹ̀, kí ẹ dá a níta, kí ẹ ti ojú sílíńdà pa kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ká tiẹ̀ ní kí ni ẹ fẹ́ sè? Ẹ wà ní Àjàṣẹ́! Àmìwò pẹ̀lú adìẹ díndín wà, àkàsà wà, wàrà tí wọ́n din nínú ata wà. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín sinmi.

Bàbá Ìbejì (Ìkòròdú):

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Màmá ti ka ọ̀rọ̀ bàbá tán, wọ́n ní tẹ̀sùbáà ni àwọn máa mú dání. Gáàsì, mo ti gbọ́, níta ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì ti ń sunkún pé ṣé àwọn ò ní wẹ̀ mọ́ ni. Bàbá, níbo ni omi tí ọmọdé lè wọ̀ ti wà lójú ọ̀nà yẹn? Kí sì ni kí a ṣe ní Grand-Popo tí òkun kò bá ṣe é wọ̀?

Awakọ̀ Àtijọ́:

Ohun tí ẹ máa ṣe ní Grand-Popo pọ̀ ju ti gbogbo ibi yòókù lọ. Láàrin òkun àti odò Mono ni ìlú àtijọ́ náà jókòó sí. Òkun ti jẹ ọ̀pọ̀ ilé àwọn oníṣòwò ìgbà náà lọ. Ẹ kẹ̀yìn sí òkun, kí ẹ wá ọkọ̀ ojú omi lẹ́bàá odò. Ẹ ná an dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì bi atukọ̀ bóyá aṣọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì wà fún àwọn ọmọ. Tí kò bá sí, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Ó máa wà yín lọ sí Bouche du Roy, ibi tí Mono ti ń tú sínú òkun. Ẹ máa gba àárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn yọ síta omi, ẹyẹ funfun á kún orí rẹ̀. Ẹ ní kó dúró ní abúlé àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ rí. Àwọn obìnrin yẹn á ha ilẹ̀ tí iyọ̀ ti wọ̀, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi lé e lórí. Omi tó bá sẹ́ jáde ni wọ́n ń gbé kaná, wọ́n á máa koná mọ́ ọn títí á fi gbẹ di iyọ̀. Èéfín yẹn ń ta lójú. Ẹ ra lọ́wọ́ wọn, ó dára fún ẹja.

Oṣù kìíní dára fún Mono. Láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ni omi rẹ̀ máa ń kún, nígbà mìíràn á wọ oko wọ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdídò Nangbéto ti wà lókè ní Togo láti 1987. Nígbà tí ẹ ń lọ yìí, omi á ti fà, ọyẹ́ á wà, nǹkan tó máa yọ yín lẹ́nu ni ẹ̀fọn. Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì tó bo ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, kì í ṣe ti orí bẹ́ẹ̀dì nìkan.

Ọjọ́ kan wà tí kí o ṣọ́ra fún: ọjọ́ ọdún Vodun, ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Benin, tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní. Ouidah, ìlú tó wà láàrin Kútọnù àti Grand-Popo, á kún dẹ́nu. Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ ti wá ibi tí ọkọ̀ máa sùn ṣáájú ọjọ́ náà. Tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ gba ibẹ̀ kọjá kó tó pé. Mi ò ní gbà ọ́ níyànjú pé kí o wakọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ẹ bá kọjá Hilla-Condji, ẹ dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Benin ń lo aago wa, Togo àti Gánà kì í lò ó. Ẹ máa jèrè wákàtí yẹn nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ máa dá a padà nígbà tí ẹ ń bọ̀. Àwọn awakọ̀ tuntun kì í ṣírò ìdápadà yẹn, òru ló máa ń bá wọn ní Kútọnù.

Aného ló kàn. Àwọn ará Jámánì fi ibẹ̀ ṣe olú ìlú kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lomé ní 1897. Ẹ dúró díẹ̀ níbi afárá tí ọ̀sà ti ń ya wọ òkun, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ máa lọ. Má sùn níbẹ̀, títì ti sún mọ́ ibi gbogbo jù, tírélà kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Agbodrafo ni kí ẹ lọ, níwájú díẹ̀, ní etí Adágún Togo. Níbẹ̀ ni àwọn ìbejì ti máa wẹ̀. Omi náà dúró jẹ́jẹ́, kò jìn, òpó gígùn ni wọ́n ń fi ti ọkọ̀ kọjá lọ sí Togoville ní òdìkejì. Lórúkọ ọba abúlé yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú àwọn ará Jámánì ní 1884 tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń jẹ́ Togo. Póòpù John Paul Kejì náà dé ibẹ̀ ní 1985. Ẹ lo alẹ́ méjì níbẹ̀, kí màmá na ẹsẹ̀.

Lomé kò yẹ kó gbà yín pẹ́. Bodè Aflao wà nínú ìlú gan-an. Tí ẹ bá sun Agbodrafo, tí ẹ jí kúrò, ẹ máa dé ẹnu bodè kí oòrùn tó le.

Ṣọlá_Tema:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Nọ́ọ̀sì ni mí, Tema ní Gánà ni mo ń gbé. Gánà níbí ni wọ́n bí bàbá mi sí, kó tó di pé ìjọba ibẹ̀ ní kí àwa Yorùbá máa lọ ní 1969, Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbà padà. Èmi ni mo tún padà wá.

Mo ní àtakò kékeré kan sí ọ̀rọ̀ wíwẹ̀. Omi tó dúró jẹ́jẹ́ tí koríko hù sí létí, kí àwọn ọmọ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kó mọ́ tó. Ìgbín wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ló ń kó àtọ̀sí ajá ran èèyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dí odò Volta ní Akosombo ní 1965 tí omi ìsàlẹ̀ kò sáré mọ́, àìsàn yẹn pọ̀ létí odò lọ́dọ̀ wa. Sogakope wà nínú àwọn ibi tí mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi wẹ̀. Ada sàn díẹ̀ níbi tí omi òkun ti ń wọ inú odò, torí ìgbín yẹn kò fẹ́ iyọ̀. Ní Agbodrafo, tí ilé àlejò bá ní odò ìwẹ̀ (swimming pool) tirẹ̀, ẹ lo ìyẹn.

Awakọ̀ Àtijọ́:

Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀, mo gbà. Odò ìwẹ̀ ni kí wọ́n lò.

Ṣọlá_Tema:

Ẹ ṣé, bàbá. Ọ̀nà ti Gánà wá: ẹ má bá àwọn tó ń sáré lọ sí Accra lọ tààrà. Lẹ́yìn Aflao, ẹ yà gba Keta. Láàrin Havedzi sí Keta, orí ilẹ̀ tí wọ́n kó òkúta sí láti fi lé òkun padà ni títì gbà, òkun lọ́wọ́ òsì, ọ̀sà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ wo odi àwọn ará Denmark tí wọ́n kọ́ ní 1784, òkun ti gbé apá kan rẹ̀ lọ. Ní Anloga, ẹ ó rí àlùbọ́sà kéékèèké nínú ebè lórí iyanrìn lẹ́bàá títì, ẹ ra díẹ̀.

Ní Sogakope, kí ẹ tó gorí afárá Volta, àwọn obìnrin á sáré bá ọkọ̀ yín pẹ̀lú búrẹ́dì, abolo àti ẹja wẹ́wẹ́ díndín. Ẹ rà á, ẹ má ṣe ṣí gbogbo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn afárá, ní Kasseh, ẹ yà sọ́wọ́ òsì lọ sí Ada Foah. Etí odò ni àwọn ilé àlejò wà níbẹ̀, ilẹ̀ líle ni, bọ́ọ̀sì kò ní rì. Àwọn kan á fẹ́ mú yín lọ sùn ní ahéré àárín iyanrìn níbi tí odò àti òkun ti pàdé. Ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án, kí ẹ padà sínú ọkọ̀ yín. Omi ti kó ilé ibẹ̀ rí: ní ìparí 2023 nígbà tí wọ́n ṣí omi Akosombo, láti Mepe dé Ada ni omi ti lé èèyàn jáde nílé. Oṣù kìíní kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fòyà.

Sídì ni wọ́n ń ná níbí, wọn kì í gba sẹ́fà tí ẹ bá ti kúrò ní Aflao.

Bàbá Ìbejì (Ìkòròdú):

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: Àjàṣẹ́, Grand-Popo, Agbodrafo, Keta, Ada. Mo ti ní kí káfíńtà wá yọ sítóòfù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó ṣe é kó ṣeé gbé jáde. Ìbéèrè kan ló kù, kì í ṣe tèmi, ti màmá ni. Wọ́n ní ṣé ewédú wà ní Togo, torí àwọn ò lè jẹ ọbẹ̀ àjèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Àjàṣẹ́:

Ẹ bá mi kí màmá. Ó wà, púpọ̀ gan-an. Adémè ni kí wọ́n béèrè, àkùmẹ̀, òkèlè àgbàdo, ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ó ń yọ̀ bí tiwa. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi akàn sè é. Tí màmá kì í bá jẹ akàn, kí wọ́n tètè sọ kí ìyá olóńjẹ tó bù ú.